Sídí tó ń ta mọ́tò

Gbogbo àdúgbò wa ní Ìgàndó ló ń ráhùn nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀. Èmi kò gbọ́ ọ mọ́. Etí mi ti di. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá bú sẹ́rìn-ín ní pálọ̀, tí mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní, "Kò sí nǹkan kan, Màmá." Èsì yẹn máa ń dùn mí ju etí tó di lọ.

Lánàá, èyí tó kéré jù nínú wọn gbé fóònù síwájú mi. Fíìmù àtijọ́ ni, tí kò ní àwọ̀, tí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ onírunmú kan ti ń gbìyànjú láti ta mọ́tò tó ti gbó. Mo sún mọ́ ọn, nítorí mo mọ ọkùnrin náà.

Ẹ̀yin ọmọ, oko ẹ̀gẹ́ ló wà níbi tí ẹ kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí yìí nígbà tí mo wà ní kékeré. Inú agbo ilé kan náà ni èmi àti Sídí ọ̀rẹ́ mi ń gbé. Sídí kò gbọ́ràn, kò sì lè sọ̀rọ̀. Orin ni gbogbo eré wa nígbà náà, torí náà òun á jókòó ti ògiri, á máa wo ẹnu wa ṣá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ sinimá dé, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri ilé ìwé wa. Àwòrán jáde, ohùn ò jáde. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé, "Ẹ fi ohùn sí i jàre." Wọn ò mọ̀ pé fíìmù náà kò lóhùn láti ilẹ̀ wá. Ibi tí wọ́n ti ń bá oníṣẹ́ sinimá fà á ni Sídí ti bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn mọ́tò ló já mọ́ ọkùnrin inú fíìmù náà lọ́wọ́, ló bá fi í pamọ́ sẹ́yìn, ó ń yọ eyín sí oníbàárà rẹ̀. Sídí yíjú sí wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì wa mọ́tò, ó lọ́ irunmú tí kò ní. Gbogbo rẹ̀ yé wa.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ta mọ́tò fún wa. Odó ìyá mi tó ti là ni mọ́tò ọ̀hún. Á nù ún, á yìn ín pẹ̀lú ojú, á ní kí n gùn ún, á wá tì mí títí n ó fi ṣubú. Àwọn ọmọ tí kò kà á sí tẹ́lẹ̀ wá ń tò sẹ́nu ọ̀nà àwọn Sídí láti ra mọ́tò.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni bàbá rẹ̀ kó wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Sídí jókòó sáàrin ẹrù lórí lọ́rì, kò sunkún. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa mọ́tò bí ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa títí lọ́rì fi yà lọ. Mi ò rí i mọ́.

Oko ẹ̀gẹ́ ti lọ, ògiri ilé ìwé ti wó. Àárò Sídí ń sọ mí gan-an, pàápàá báyìí tí èmi náà ti di ẹni tó ń wo ẹnu èèyàn.

Lánàá, nígbà tí ilẹ̀kùn mọ́tò já nínú fóònù, èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, tí mo ń wa mọ́tò. Mo rí i tí ẹnu ọmọ náà ń mì, ó ń bi mí ní nǹkan kan. Mi ò gbọ́. Ó wò mí títí, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè.