Bátìrì Tó Ń Kú Mọ́jú

Mo ṣì rántí bí mọ́tò wa ṣe máa ń ké láàárọ̀ ní Odigbo lásìkò yẹn. Mà á yí kọ́kọ́rọ́, á dún ká, á tún dún ká, bí àgbàlagbà tí ikọ́ ń ṣe, á sì dákẹ́. Èmi náà á jókòó síbẹ̀. Mọ́tò tó gbé mi lọ sí Ore lánàá tó tún gbé mi bọ̀, ilẹ̀ mọ́ tán, bátìrì rẹ̀ ti kú.

Kì í ṣe fáàrí ni mo fi rà á o. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn yẹn, tí ìjọba fi kún owó oṣù wa, àwọn tíṣà tó ra mọ́tò torí kí àwọn èèyàn lè máa pè wọ́n ní "ọ̀gá" pọ̀ bí eṣú. Tèmi ní ìdí. Ọdún tó ṣáájú, ìyàwó mi rọbí, a ò sì tètè rí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ondo. Lọ́rí agégẹdú la padà rí. Kí á tó débẹ̀, ọmọ ti kú sí i nínú. Mi ò lè gbàgbé bó ṣe di aṣọ ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ mọ́ àyà bọ̀ wálé. Àjèjì la jẹ́ ní Odigbo, Èkìtì ni wọ́n ti gbé mi wá, mo sì búra pé oyún mìíràn kò ní bá mi láìní ọkọ̀. Oyún dé, mo ra àlòkù mọ́tò, bátìrì sì ń kú mọ́jú.

Ìkúnlẹ̀ ti sún mọ́lé. Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Mo lè máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lọ́wọ́, kí n ṣàdédé sá jáde lọ yí kọ́kọ́rọ́ wò bóyá mọ́tò á dáhùn. Ọ̀gá ilé ìwé bi mí bóyá mo fẹ́ fi mọ́tò ṣe ìyàwó kejì ni. Láràárọ̀ làwọn aládùúgbò ń bá mi tì í, wọn ò sì ráhùn. Àmọ́ ta la fẹ́ pè kó wá máa ti mọ́tò aláboyún tó ń rọbí?

Mo gbé e lọ bá rewaya kan tó ń tún iná mọ́tò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní Ore, Alhaji kan tí kì í kánjú rárá, èmi tí ara mi ò balẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, bátìrì yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ tú orí ẹ̀ kan sílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ sùn. Bó bá ṣiṣẹ́ láàárọ̀, a jẹ́ pé nǹkan kan ló ń mu iná yín." Mo tú u, ilẹ̀ mọ́, mọ́tò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn, ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ìrọbí bá dé lóru ńkọ́? Ṣé ẹ máa máa wá sípánà nínú òkùnkùn ni?"

Mo padà sọ́dọ̀ Alhaji. "Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà," ó wí, ó sì ń yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ rédíò, ó yẹ họ́ọ̀nù wò, ó yẹ iná iwájú wò. Búùtù tí mo fi okùn dì nìkan ni kò yẹ̀ wò. Ta ni ìbá yẹ̀ ẹ́ wò? Mọ́tò wo ni wọn kì í fi okùn di búùtù rẹ̀ ní Ore nígbà yẹn? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Araromi-Obu, ẹ̀gẹ́ Omifunfun, gbogbo rẹ̀ ló ń yọrí síta lẹ́yìn ọkọ̀. Búùtù tó bá padé gan-an là bá fura sí.

Ẹrù tiwa kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣá. Ẹrù ìkúnlẹ̀ ni. Ìyá ìyàwó mi, tó wá dúró ti ọmọ wọn de ìbímọ, ló kó o síbẹ̀ kí a má baà sá sókè sá sódò nígbà tí àsìkò bá tó: bàsíà ńlá tí a máa fi wẹ ọmọ, ọṣẹ, ìró, aṣọ ọmọ. Bàsíà náà kò jẹ́ kí búùtù padé, ni mo bá fi okùn dì í. Màmá wá fi ẹní bo ẹrù náà nítorí eruku.

Ní ìdájí ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, Màmá lọ tọwọ́ bọ abẹ́ ẹní mú ìró níbẹ̀, wọ́n sì kó aṣọ ọmọ mọ́ ọn wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ wá fọwọ́ kàn án," wọ́n wí. "Ó ń gbóná bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ lára ọmọ. Ayọ̀ ló ń bọ̀ yẹn." Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná lóòótọ́. Aṣọ tó sun ìta mọ́jú nínú ọyẹ́! Mo sáré lọ ká ẹní kúrò. Gílóòbù kékeré kan ń tàn bàìbàì sórí ẹrù ọmọ. Bí búùtù bá ti ṣí ló máa ń tàn, tiwa ò sì tíì padé láti ọjọ́ tí bàsíà ti wọ̀ ọ́. Ẹrù tí a fi ń múra sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí á ní ọkọ̀ tó máa gbé wa.

Mo nawọ́ sí bàsíà láti sọ̀ ọ́. Ìyàwó mi ti dúró lẹ́yìn mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀ ọ́," ó wí. "Ọmọ tó kú níjọsí, èmi ni mo sọ ẹrù ẹ̀ kalẹ̀." Màmá ń wolẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo fi bàsíà sílẹ̀, mo yọ gílóòbù.

Ìrọbí dé ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà. Mọ́tò dáhùn bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́, kò sẹ́ni tó tì í. A dé Ondo, wọ́n gbé e wọlé, èmi ń rìn yí mọ́tò ká, mò ń pa á, mò ń tan án. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹrù ọmọ dà?" Okùn tí mo ti tú láìmọye ìgbà, mi ò rí i tú. Nọ́ọ̀sì ló bá mi tú u. Mo gbé bàsíà rù, mo ń sunkún gba àárín ọgbà kọjá, mi ò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó ti pẹ́. Ọmọ náà ti di ìyá ọmọ, èmi ṣì ni baba tí kì í lè jókòó bí ẹnì kan bá wà lójú ọ̀nà. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ bí mo bá rántí Odigbo, kì í ṣe eré tí mò ń sá kiri ni mo máa ń rò. Obìnrin tó dúró lẹ́yìn mi nídìí búùtù ni, tí kò sáré, tí kò pariwo, tí ẹ̀rù sì ń bà jù mí lọ.