Àga Kan Ṣoṣo Tó Wà ní Mọ́ṣáláṣí Wa

Ẹ bá mi yọ̀, mo forí kanlẹ̀ kírun lónìí!

Ẹ̀jẹ̀ mi kì í tètè dì. Ó máa ń ya sínú orúnkún mi ọ̀tún títí orúnkún náà fi gan. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń jókòó sórí àga kírun ní mọ́ṣáláṣí wa n'Ítapàjí.

Obìnrin kan ní ọsibítù ní Ìdó ló gbà mí. Wọ́n á kọ́kọ́ gún mi lábẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, òun á wá máa fọwọ́ rọra tẹ orúnkún náà, á máa ká a, á máa nà án. Kì í fà á tipátipá rárá, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun ni.

Lọ́sàn-án òní, Bàbá Ládàánì tún gbé àga wá fún mi.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ilẹ̀ ni mo fẹ́."

"Ta ló bí ọ nínú?"

Mo bá kúnlẹ̀ lójú wọn.

"Uṣẹ́ Ọlọ́run!"

Ni Bàbá bá fìdí lé àga náà, wọ́n mí kanlẹ̀. "Orúnkún tèmi náà ti ń dùn mí tipẹ́. Ìwọ ni mo fi àga yìí sílẹ̀ fún."

Ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin ará! Kí ni kí n ṣe fún bàbá yìí?