Àmì Dò Tó Ra Bàbá Padà

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, kí ẹ fìdí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ tà ní Houston ni mo fẹ́ sọ.

Màmá tó kọ́ mi ní Bíbélì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ wa níbí. Ìjọ fẹ́ tẹ ìwé nípa àwọn obìnrin tó ti darí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kí ìtàn wọn má bàa bá wọn wọlẹ̀. Màmá sọ tirẹ̀ sínú fóònù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, engineer tí wọ́n bí síbí, ló tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, kò sì fi àmì ohùn kankan sí i. Ó ní kí á wá gbọ́ ọ kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Èmi, Màmá àti ọkọ rẹ̀ jókòó ní pálọ̀.

Ọmọ ń kà á lọ geere: “Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ lọ, mo ta ọkọ mi. Ó ti gbó, ó máa ń wúkọ́ láàárọ̀. Obìnrin kan ní Baytown ló rà á. Ó ní òun á ṣì rí i lò.”

Bàbá bọ́ awò ojú wọn. “Ta ni obìnrin náà?”

“Ọkọ̀ ni mo wí o,” ni Màmá dáhùn. “Mọ́tò wa àtijọ́.”

“Mo mọ̀ pé Jésù rà mí padà. N ò mọ̀ pé ìwọ lo kọ́kọ́ tà mí.”

Ọmọ ní, “Mummy, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Context máa explain ẹ.”

“Context yẹn ló ta bàbá ẹ. Àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi á kà á, wọn á ní obìnrin gbọ́dọ̀ ta ọkọ kó tó lè jẹ́ ọ̀gá.”

Mo ní àwọn kan á ti máa wá oníbàárà. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n.

Màmá fi ìka lu tábìlì. “Ọkọ: re, re. Ọkọ̀: re, dò. Fi orin kọ ọ́.”

Ọmọ kọ ọ́, ó bọ́ sórí re, mí.

“Mo ti di ọkọ́, irin ìroko,” ni Bàbá wí.

Ó tún un kọ. Dò rẹ̀ rọra ń sọ̀kalẹ̀.

“Ó ku díẹ̀ kí n délé,” ni Bàbá tún wí.

Bí a ṣe jókòó ti ìwé náà nìyẹn, a ń fi àmì sí i lójú ewé gbogbo, títí oòrùn fi wọ̀.

Ìwé ti jáde, ilé-ẹ̀kọ́ ló jogún rẹ̀, ọkọ̀ sì jẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀. Ọmọ jogún re dò, òun ló fi ń bá àwọn ọmọ tirẹ̀ wí bí wọ́n bá ṣi ohùn ọ̀rọ̀. Bàbá jogún orúkọ: Bàbá Ìràpadà ni àwọn ìyá ìjọ ń pè wọ́n. Bí a bá sì ń gba Baytown kọjá, Bàbá á sún wálẹ̀ lórí ìjókòó, kí olówó orí wọn tuntun má bàa rí wọn.