Ọjọ́ Tí Mo Mú Ìyálé Lọ Wo Ilé Ààyò

Kàlẹ́ńdà kan ló kó bá mi. Ara ògiri ilé ìdáná wa ní Abu Shagara, ní Sharjah nílẹ̀ Lárúbáwá, ló wà, lókè ibi tí a ti ń dáná, òróró sì ti ta sí i débi pé oṣù mẹ́ta kan ò ṣeé kà mọ́. Obìnrin ará Índíà tí a jọ ń gbé fúláàtì ló gbé e kọ́. Àwòrán ilé funfun ńlá kan ló wà lórí rẹ̀, omi gbọọrọ wà níwájú ilé náà. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní Taj Mahal ni, ní ìlú Agra, pé ọba kan ló kọ́ ọ fún ìyàwó rẹ̀ nítorí ìfẹ́. Mo mi orí. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọkọ kọ́lé fún ìyàwó, kí ló tún kù tó fẹ́ béèrè? Mo rò pé obìnrin náà kó wọlé, ó sì ń se ọbẹ̀ níbẹ̀ ni.

Ìyá mi ti lo bí oṣù méjì lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Wọn ò kàn wá kí mi o, ìbínú ló gbé wọn wá. Ìyàwó kékeré bàbá mi ló kú lọ́dún tó ṣáájú. Òun àti ìyá mi kì í jà. Ìyá mi gan-an ló dúró tì í nílé ìwòsàn títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Àmọ́ iwájú ilé ni bàbá mi ní kí wọ́n sin ín sí, wọ́n fi táìsì funfun bo sàréè náà, wọ́n kọ́ òrùlé kékeré lé e, bàbá mi sì kìlọ̀ fún wa pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí a sin àwọn náà sí. Àlùfáà àdúgbò ní ẹ̀sìn ò fẹ́ irú ẹ̀. Bàbá mi ní kí àlùfáà lọ bójú tó sàréè tiẹ̀. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọn á kọjú sí táìsì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá mi á gbé oúnjẹ wá, bàbá ò ní bojú wẹ̀yìn. Odidi ìyálé, ogójì ọdún nílé ọkọ! Lọ́jọ́ kan ìyá mi gbé abọ́ náà padà sí ilé ìdáná, wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní kí n bá àwọn wá físà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà ní Sharjah, ìyẹn ni khalas, pé ó parí. Bí mo bá ti mẹ́nu ba ilé, khalas. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á pè láti ilé pé bàbá ò jẹun, pé aṣọ wọn ti ń já sílẹ̀ lára wọn, màmá á ní khalas. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní, “Wọ́n ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà de ìyàwó. Táìsì tí wọ́n fi bo ìyàwó ńkọ́? Ibo ló wà de ìyálé?” Èmi tí wọ́n ń san owó fún kí n máa dáhùn ọ̀rọ̀ níléeṣẹ́ lójoojúmọ́, abọ́ ni mo lọ fọ̀.

Físà wọn wá ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀nà tí àwa ará ibẹ̀ ń gbà tún un ṣe ni pé àlejò á jáde lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, á fi físà tuntun wọlé padà. Àwọn ọlọ́pọlọ pípé ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oman. Èmi ní Agra là ń lọ. Ohun tó wà nínú mi ni pé bí ìyá mi bá fojú ara wọn rí ilé tí ọkọ fi ìfẹ́ kọ́ fún ìyàwó, inú wọn á rọ̀, wọn á rántí ọkọ tiwọn, dípò Sharjah a ó sì gba Delhi fi wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó. Mo gbọ́n, àbí mi ò gbọ́n?

Ọjọ́ Jímọ̀ la débẹ̀. Taj kì í ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ àfi èmi. Afinimọ̀nà tí mo gbà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, ní ká kúkú lọ wo ààfin ọba náà, ilé olódi pupa tó tóbi bí àdúgbò. Ó mú wa dé ojú fèrèsé kan lókè. Láti ibẹ̀ la ti rí ilé inú kàlẹ́ńdà lọ́ọ̀ọ́kán, létí odò. Ó ní nígbà tí ọba dàgbà, ọmọ rẹ̀ gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tì í mọ́ ibí fún ọdún mẹ́jọ, ojú fèrèsé yìí ló sì ń jókòó sí, tó ń wo ibojì ìyàwó rẹ̀ títí ó fi kú. Ibojì kẹ̀! Mo yíjú sí ìyá mi, mo túmọ̀ rẹ̀ pé ilé ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

“Mo ti ń wò ó látìgbà tí a ti dé,” ni ìyá mi wí. “N ò rí aṣọ tí wọ́n sá, n ò rí èéfín. Sàréè ni.”

Mo wolẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí àwọn ní kó kín àwọn lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́, pé àwọn sá fún sàréè kan nílé, mo wá fi bàálù gbé àwọn wá síbi baba ńlá rẹ̀. Síbẹ̀ wọn ò kúrò lójú fèrèsé. Wọ́n ní kí n bi afinimọ̀nà, ta ló ń fún ọba lóúnjẹ. Ó ní ọmọbìnrin rẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé ìyàwó kan ṣoṣo ló ní ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn mìíràn wà, pé kì í tilẹ̀ ṣe ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ ló kọ́ ilé yẹn fún. Ti ìyálé gan-an wà níbòmíràn nínú ìlú, àlejò kì í lọ síbẹ̀. Sàréè àwọn ìyàwó kan wà níta ẹnu ọ̀nà Taj, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í béèrè wọn.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ní ká má lọ mọ́. Ìyá mi ti wẹ̀, wọ́n ti wọ léèsì aláwọ̀ ewé wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ kí àwọn orogún. Afinimọ̀nà mú wa dé ibi ilé òkúta kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ajá kan ló sùn sórí àtẹ̀gùn rẹ̀. Èrò ń rọ́ kọjá lọ sí ti ààyò, kò sí ẹni tó yà. Ìyá mi bọ́ bàtà, wọ́n jókòó ti ajá, wọ́n ṣe sàlámọ̀. Wọ́n ní ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ìfaradà. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá rojọ́ bàbá mi fún ìyàwó ọba Índíà, látorí ọjọ́ ìgbéyàwó títí dórí abọ́ tí wọ́n gbé padà. Ojú tì mí, mo dúró lókèèrè pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n.

Bóyá tíkẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ ṣòfò yẹn ló ṣe afinimọ̀nà láàánú. Ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ó ní kí n bá òun sọ fún wọn pé ẹni tó wà nínú ilé funfun náà jìyà, pé ọmọ mẹ́rìnlá ló bí, orí ẹ̀kẹrìnlá ló kú sí. Mo sọ ọ́. Ìyá mi náà bí márùn-ún. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ló kù.

“Orí ìkúnlẹ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. “Ẹ jẹ́ ká lọ kí i. Kì í ṣe òun ló ní kí wọ́n kọ́ ọ.”

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nìyẹn, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyàwó ọba nìkan ni wọ́n ń sọ. Inú ilé náà tutù, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń lé wa síwájú. Àárín gbùngbùn ni sàréè obìnrin náà wà, wọ́n wá gbé ti ọba tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó pẹ́ dé. Ìyá mi wo méjèèjì, wọ́n ṣàdúà fún obìnrin náà, wọn ò ṣe fún ọba. Nígbà tí a jáde, wọ́n jókòó síwájú omi, wọ́n ní ọjọ́ wo ni bàálù ń lọ sí Èkó.

Mo ní ṣé wọ́n ti dárí ji bàbá mi ni.

“Òkú bàbá rẹ, mo fi sílẹ̀ fún orogún mi,” ni wọ́n wí. “Èyí tó ṣì ń mí, tèmi ni.”

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kíákíá, mo fọ́nnu pé ọgbọ́n tí mo dá ti ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ìyá mi délé, ó pè mí padà lórí fídíò, ó ní kí n wá wò ó, ó sì gbé fóònù síta. Àga bàbá mi wà níbi tó máa ń wà, ó kọjú sí táìsì. Ìyá mi ti gbé àga tiwọn sáàárín, wọ́n kọ̀yìn sí sàréè, wọ́n kọjú sí ọkọ wọn, abọ́ wà lórí itan wọn. Bàbá mi rí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún ìyá mi kí wọ́n sún, pé àwọn ò ríran.

“Kí lẹ fẹ́ rí?” ni ìyá mi bi wọ́n.

Bàbá mi na ọrùn sọ́tùn-ún, wọ́n na ọrùn sósì. Ìyá mi ní khalas, wọ́n na abọ́ sí wọn. Bàbá mi gbà á, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní iyọ̀ pọ̀ jù. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, àga méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà náà ṣì wà lára ògiri wa, kò sẹ́ni tó rántí yọ ọ́. Bí mo bá ń dáná tí mo gbójú sókè, kì í ṣe ìfẹ́ ni mo ń rò mọ́. Bàbá arúgbó ojú fèrèsé yẹn ló máa ń ṣe mí láàánú, ọdún mẹ́jọ gbáko, kò sì sí ìyàwó kankan tó gbé àga wá síwájú rẹ̀.