Ẹní Tí A Kò Hun Tán

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́, tí orí mi kò tíì ga ju ìtí koríko tí wọ́n fi ń hun ẹní lọ, ojúde ilé wa ni a ti máa ń pa àlọ́, láàárín ìrun Mágíríbì sí Ìṣáì. Ìyá bàbá mi ló máa ń pa á, èmi ni mo máa ń ṣáájú àwọn ẹlẹ́gbè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àgùdà kan wà láàárín wa. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó ti Èkó wá ṣe ilẹ̀kùn fún bàbá mi. Òkè òkun ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Ó gbé igi olókùn kan dání tó pè ní gìtá. Bàbá mi ní gòjé tó sọ ọrun rẹ̀ nù ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka ta á bí ìyá àgbà ṣe ń pa àlọ́ alákàn tó gbé ọmọbìnrin kan sọdá ọ̀sà:

Alákàn, gbé mi dé èbúté,
Téré-ńtéré,
Ìyá mi ń wo ọ̀nà,
Téré-ńtéré.

Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń parí rẹ̀ sí. Àmọ́ ọkùnrin náà kò dúró. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ kún un pé, “Ẹ má ká ẹní mi, mo ń bọ̀ wá hun ún tán.”

Mo rò pé ó ṣì í kọ ni, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo wojú ìyá àgbà, mo gbé ẹ̀rín náà mì. Ṣé ẹ rí i, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi ìlà yẹn kún orin náà nígbà tí wọ́n jọ ń hun ẹní. Lọ́jọ́ kan àbúrò yìí lọ gé koríko létí ọ̀sà, wọ́n sì jí i gbé. Ẹní rẹ̀ tó hun dé ìdajì ṣì wà ní títẹ́ ní igun yàrá wa.

Ìyá àgbà bi ọkùnrin náà pé, “Ta ló kọ́ ọ, ọmọ mi?”

“Ìyá mi ni.”

“Ìlú wo ni wọ́n ti mú wọn?”

“Mi ò mọ̀, ìyá. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n kú. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi rí pé obìnrin kan tí àwọn jọ wà nínú ọkọ̀ ẹrú kọ́ àwọn ní orin.”

“Orin yìí?”

“Mi ò lè sọ. Orin tí wọ́n mọ̀ pọ̀.”

Ni gbogbo ilé bá dàrú. Bàbá mi ní kí a wo iwájú orí rẹ̀, ti ìdílé wa gan-an ni. Ìyá mi ní irú iwájú orí bẹ́ẹ̀ kún Èkó. Ìyá àgbà wọlé, ó gbé ẹní náà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a kí ó lè fún ọkùnrin náà. Nígbà tó ká a dé àárín, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Bí o bá jẹ́ ọmọ rẹ̀, tìrẹ ni. Bí o kò bá jẹ́ ọmọ rẹ̀, àbúrò mi lè ṣì máa bọ̀.”

Ọkùnrin náà gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀, ó bá a tẹ́ ẹní náà padà. Nígbà tó parí ilẹ̀kùn wa, ó wọkọ̀ padà sí Èkó. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Lóde òní, ẹni tó bá rìnrìn àjò ń kọ lẹ́tà, ọkọ̀ tó ń rú èéfín ń gbé wọn lọ, ó ń gbé wọn bọ̀, gìtá kì í sì í ṣe ohun ìyanu mọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa ń bi mí ìdí tí mo fi ní kí ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹní àtijọ́ tó wà ní yàrá mi kọjá. Èmi náà kò mọ ẹni tí mo ń tọ́jú rẹ̀ dè.