Nígbà Tí Ọwọ́ Ọ̀tún Mi Kú

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ọ̀sẹ̀ tí mo gbéyàwó l'Ágége, níbẹ̀rẹ̀ ìjọba alágbádá, ni ọwọ́ ọ̀tún mi kú. Mo fi òsì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá onílé.

"Òsì lo nà sí mi? Ṣé ìyàwó ti gba ọ̀tún ni?"

Ẹ̀rù bà mí pé àsasí ni. Mo sáré bá nọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ wa n'Íkẹjà. Ó tẹ apá mi wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkọ ìyàwó, ta ló ń fi apá yín ṣe ìrọ̀rí? Orí rẹ̀ ló ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀, tí ìka ò fi mọ nǹkan kan."

Lálẹ́, mo gbé ìrọ̀rí kan ṣoṣo tá a ní fún ìyàwó mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ ti jí, ọrùn mi ni kò yí mọ́.