Ròkíátù Tó Máa Ń Lọ Wo Ẹ̀yìn Èèyàn

Bí ẹ bá bi Ròkíátù, aránṣọ kan ní Lotto lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mowe, pé báwo ni Bádéjọ Afárá-Oyin ṣe rí lójúkojú, yóò sọ fún yín pé ohùn rẹ̀ dùn. Òótọ́ ni, ohùn yẹn dùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Ròkíátù ti ń lọ síbi tí Bádéjọ ti ń kọrin ní pápá gbangba, kò fojú kàn án rí. Ẹ̀yìn èèyàn ló máa ń wò. Ọlọ́run dá a ní kúkúrú, ó sì fún un ní ìfẹ́ orin tó gùn bí ọ̀pẹ.

Torí pé aránṣọ ni, ẹ̀yìn wọ̀nyẹn kì í sú u tán. Bí Bádéjọ bá ń kọrin ìfẹ́ lórí pèpéle, Ròkíátù á máa wo ojú-rírán aṣọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, á ní, "Háà! Ta ló rán ìyà yìí? Èjìká kan ga ju ìkejì lọ." Ní Ibafo, ó fọwọ́ kan ọmọbìnrin kan láàárín èrò, ó ní, "Àǹtí, síìpù yín ti là o," ó sì bá a fi òwú dì í lórí ìdúró. Ọmọbìnrin náà di oníbàárà rẹ̀ títí dòní.

Ọkọ rẹ̀, Lásúnkànmí, tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ní Asese, ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sùn. Òun gan-an ò ga. Bí àwọn méjèèjì bá dúró pọ̀, wọ́n dà bí aṣọ méjì tí wọ́n jọ fi omi gbígbóná fọ̀, tí wọ́n jọ súnkì.

"Ìyá Fadilah, ẹ̀yìn ta lo tún fẹ́ lọ wò?"

"Bàbá Fadilah, ẹ máa fi mí ṣẹlẹ́yà lọ."

"Rárá o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Bóyá ẹ̀yìn náà ti dá ẹ mọ̀, bóyá ó máa kí ẹ. Ariwo lásán ni tèmi rí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ariwo ni mo fẹ́, ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà tó mi gbọ́."

Nígbà tí wọ́n wá kéde pé Bádéjọ ń bọ̀ níbi ayẹyẹ orin ní pápá kan ní Ibogun, Ròkíátù dìde dúró láàárín pálọ̀. Ó ní, "Bí n ò bá fojú ara mi rí ojú ọkùnrin yẹn lọ́tẹ̀ yìí, n ò lọ mọ́ láéláé. Ẹ ò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi mọ́."

"Ọlọ́run gbọ́," ni Lásúnkànmí wí. "Mo gbọ́. Fadilah gbọ́."

Fadilah, ọmọ wọn, gbé ojú kúrò lára búrẹ́dì tó ń jẹ. "Mo gbọ́, sà."

Ròkíátù ò búra lásán, ó ti ní ète. Lásúnkànmí ní àpótí onígi kan tó fi ń jókòó tú táyà, ó fi ọ̀dà pupa kùn ún, ó sì le bí orí kunkun. Bí Ròkíátù bá gun àpótí yẹn, ojú rẹ̀ á bá ti Bádéjọ pàdé gbàǹgbà. Àfi bí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣe mọ́, tó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò rí àpótí. Lásúnkànmí ti jáde láfẹ̀mọ́júmọ́.

"Ó ti gbé e lọ sí Asese! Ẹni ibi! Ó mọ ohun tó ṣe!"

Kò sí ohun tó kù ju Tòún lọ. Tòún ló ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tirẹ̀, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Wọ́n jọ gun ọ̀kadà lọ. Iṣẹ́ Tòún ni kó máa wò, kó máa ròyìn.

Ọ̀sán ni wọ́n ní eré máa bẹ̀rẹ̀. Títí tí àwọn èèyàn fi kí ìrun alásárì, àwọn tó ń so wáyà ṣì ń pariwo "Ẹ gbọ́ mi? Ẹ gbọ́ mi?" Oòrùn ń ta bí ata. Ẹran orí ìrẹsì tí wọ́n ń tà kéré débi pé Ròkíátù ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa fi gún un mú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ ti òsì, wọn ò bẹ̀ ẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí gìtá olóhùn ńlá ṣe dún báyìí, ó wọ Ròkíátù láyà, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó mọ ilé. Ó gbàgbé oòrùn. Ọmọ iléèwé kan tí kò mọ̀ rí fún un ní ààbọ̀ omi inú ọ̀rá rẹ̀. Gbogbo pápá gbé orin kan náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ àti ẹni tó kàn ń la ẹnu, ohùn gbogbo wọn sì di ọ̀kan. Nítorí irú èyí ni kò ṣe lè fi nǹkan yìí sílẹ̀. Kò kàn tíì rí ojú ẹni tó ń dá orin ni.

"Tòún, kí ló ń ṣe báyìí?"

"Ó ń mì, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ń mì?"

"Gbogbo ara ẹ̀."

"Ojú ẹ̀ ńkọ́?"

Tòún na ọrùn. "Ó ní ojú."

Bí Ròkíátù ṣe fẹ́ fà á létí ni Bádéjọ jó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí pèpéle. Gbogbo èèyàn sì gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: *fààà!*

"Ẹ̀gbọ́n, ṣòkòtò ẹ̀ ti ya! Ó ń fi ẹ̀yìn rìn wọlé!"

Olùdarí eré sáré jáde, ẹ̀rín ń pa á, ó ń gbé e mì. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mọ́tò tó kó aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé télọ̀ wà láàárín yín?"

Abẹ́rẹ́ àti òwú kì í kúrò nínú àpamọ́wọ́ Ròkíátù. Kó tó la ẹnu, Tòún ti gbé e sókè lábíyá. "Télọ̀ rèé o!"

"Ẹ gbé màmá wá! Ẹ gbé màmá!" ni èrò figbe ta.

Wọ́n gbé e lórí èrò, ọwọ́ dé ọwọ́, bí àpò sìmẹ́ńtì. Èyí nìgbà àkọ́kọ́ tó máa ga ju gbogbo èèyàn lọ. Ó dijú. Ó ń ka kálímà.

Ẹ̀yìn pèpéle ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ọkùnrin kan tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ ti ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ṣe é kíá."

Ohùn yẹn ni! Ọwọ́ Ròkíátù ti ń ránṣọ. Ó fẹ́ ní kó yíjú díẹ̀, àmọ́ òwú wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ó ti tán, mà?"

"Mm-mm! Má mì!"

Bó ṣe tẹrí ba láti fi eyín gé òwú ni wọ́n ké orúkọ Bádéjọ níta. "Ọlọ́run á bù kún yín, mà!" ló wí, ó sì ti fò lọ. Nígbà tí Ròkíátù gbójú sókè, ẹ̀yìn ló tún rí. Ó kàn jẹ́ pé èyí, ó rán dáadáa.

Ẹkún ò wá, ẹ̀rín ò wá. Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé, ó yọ orí lẹ́yìn onílù, kó ṣáà lè gbọ́ ìyókù orin. Ibẹ̀ ni ojú ti pàdé rẹ̀, gbogbo ojú tó wà ní pápá! Látọjọ́ tó ti ń wo ẹ̀yìn èèyàn, kò rò ó rí pé ojú wà níwájú wọn, pé báyìí ni wọ́n ṣe ń rí bí orin bá wọ̀ wọ́n lára. Bàbá oníkùn kan ń sunkún. Obìnrin olómi gbàgbé igbá lórí, ó ń jó lábẹ́ rẹ̀. Láàárín wọn, ẹnì kan ga yọ sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dijú, ó ń bá Bádéjọ kọ ọ́ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀.

Orí àpótí pupa ló dúró sí.

Lásúnkànmí lajú, ó rí orí ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn onílù. Ẹnu rẹ̀ dúró sórí ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àpótí yẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ bàbá oníkùn tó gbá a mú.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí tọkọtaya dágbére fún Tòún, tí wọ́n gun ọ̀kadà kan náà padà sí Mowe, àpótí wà láàárín wọn.

"Ìyá Fadilah, ṣé o padà rí ojú ẹ̀?"

"N ò rí i. Ojú ọkùnrin kan tó kórìíra ariwo ni mo rí. Gbogbo orin ló mọ̀, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan."

Lásúnkànmí húkọ́. "Mo ní kí n wo ohun tó ń gbé ìyàwó mi kúrò nílé ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọ́n tún rìn díẹ̀. "Ó lẹ́wà o," ni Lásúnkànmí wí. "Ó lámì kékeré kan lágbọ̀n."

Ròkíátù já a léèékánná níbàdí. "Ẹ ò ní pa mí! Ó dáa, mo ti búra. Ó ti tán nìyẹn."

"Ìbúra wo? Wọ́n ní ó ń bọ̀ ní Ifo lóṣù tó ń bọ̀. Èmi ò gbọ́ ìbúra kankan."

"Ọlọ́run gbọ́."

"Aláàánú ni Ọlọ́run."

"Fadilah gbọ́."

Lásúnkànmí ronú sí ìyẹn gan-an. Ó wá nawọ́ tọ́ ọlọ́kadà léjìká.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti rí oníbúrẹ́dì, ẹ dúró fún wa. A ní ẹlẹ́rìí kan nílé."